ÀTÚNṢE Ẹ́ŃJÌNÌ DÍSẸ́LÌ ÀTIJỌ́
Ohun tí a rí kọ́ ní Festac Town àti Amuwo-Odofin

Ó lè ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni ni a jókòó tí a ń kọ̀wé nípa epo, èéfín àti irin. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa mẹ́rin lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Festac Town, ọ̀ràn ẹ́ńjìnì ni ó kọ́kọ́ pàdé wa ní ẹnu-ọ̀nà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ní, Mercedes-Benz 207D tí ó ti gbó. Òun ni ó ń kó àwọn ọmọ wá láti Agboju àti Alakija ní òwúrọ̀, òun náà ni ó sì ń dá wọn padà ní ọ̀sán. Ní ọ̀sẹ̀ tí a dé gan-an ni ó gbóná lójú ọ̀nà, ó tú èéfín funfun, ó sì kú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ kéékèèké ti ń fi ẹsẹ̀ rìn ní ẹ̀gbẹ́ títì Badagry, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àti tánkà epo ti ń sáré. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wá mọ́, nítorí pé àwọn ìyá wọn kò gbà kí wọn sọdá títì náà.

Ìmọ̀ràn méjì ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ mú wá. Àwọn kan ní kí a ta ọkọ̀ náà fún àwọn tí ń ra irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Àwọn mìíràn ní kí a ra ẹ́ńjìnì àlòkù tí ó ti òkè-òkun wá, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù, kí a gbé e wọ inú rẹ̀. Owó èkínní kò lè ra ọkọ̀ mìíràn. Ti èkejì sì dàbí ẹni tí ó ra ọ̀bọ nínú àpò, nítorí ẹni tí ó tà á kò mọ ìtàn rẹ̀, ẹni tí ó rà á kò sì lè rí inú rẹ̀. Nígbà náà ni bàbá arúgbó kan, mekáníìkì ní Amuwo-Odofin, wò ó, ó sì wí pé, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ́ńjìnì yìí kò tí ì kú, ó ṣe àìsàn ni. Bí ẹ bá lè wá fi ọwọ́ yín bá mi ṣe é ní ìrọ̀lẹ́, owó rẹ̀ kò ní pa ilé-ẹ̀kọ́ yín lára.” Ohun tí a rí, tí a sì gbọ́, ní àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyí ni a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀.

Ọkọ̀ náà àti ìlú náà

Festac Town àti irú ọkọ̀ yìí jẹ́ ọgbà. Nítorí Àjọ̀dún Iṣẹ́-ọnà àti Àṣà àwọn Ènìyàn Dúdú àti ti Áfíríkà, ẹlẹ́ẹ̀kejì irú rẹ̀, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, ni a ṣe kọ́ ìlú náà, kí àwọn àlejò lè rí ilé wọ̀ sí. Lẹ́yìn tí àlejò lọ tán ni àwọn ilé náà di ti àwọn ará ìlú. Ní ọdún 1977 kan náà ni ilé-iṣẹ́ Mercedes-Benz bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdílé ọkọ̀ tí 207D jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ ní Bremen, ní ilẹ̀ Jámánì, a sì ń ṣe ìdílé náà títí di 1995. Ẹ́ńjìnì tí ó wà nínú ti wa ni a ń pè ní OM616. Sílíńdà mẹ́rin ni ó ní, gbogbo àyè inú wọn sì tó lítà 2.4. Kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, kò sì yára; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní sípánà, sùúrù àti ìwọ̀n tí ó péye lè tú u palẹ̀ kí ó sì tún un tò.

Bí ẹ́ńjìnì dísẹ́lì ti ń ṣiṣẹ́

Ẹni tí ó bá ti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ rí yóò ti ṣàkíyèsí pé ìdí páńpù a máa gbóná. Kì í ṣe ìfarakanra nìkan ni ó fà á. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ sí ojú kan a máa gbóná. Lórí òtítọ́ kékeré yìí ni gbogbo ẹ́ńjìnì dísẹ́lì dúró lé. Ẹ́ńjìnì tí ń lo bẹntiróòlù ní plọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo. Dísẹ́lì kò ní irú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ni ó ń fà wọlé, tí ó sì ń fún pọ̀. Nínú ẹ́ńjìnì tiwa, afẹ́fẹ́ tí ó kún ìkòkò 21 ni a ń fún sínú ìkòkò kan ṣoṣo. Gbígbóná rẹ̀ a sì kọjá 500 lórí ìwọ̀n Celsius. Nígbà náà ni páńpù epo a fi agbára ti dísẹ́lì gba ojú nọ́súlù jáde bí ìkùukùu, sínú yàrá kékeré kan tí ó wà lórí sílíńdà. Bí ó ti kan afẹ́fẹ́ gbígbóná náà, ó gbiná fúnra rẹ̀. Plọ́ọ̀gì tí ń pọ́n, tí àwọn ènìyàn ń rí lára rẹ̀, kò wà fún ju pé kí ó mú yàrá náà gbóná ní òwúrọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó dìde.

Kí àwọn ọmọ kíláàsì wa má bàa gbàgbé, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni a fi kọ́ wọn: fà, fún, jó, tú. Písítìnì sọ̀kalẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́. Ó gòkè, ó fún un pọ̀. Epo jó, ó sì tì í sọ̀kalẹ̀. Ó tún gòkè, ó tú èéfín síta. Kí iṣẹ́ mẹ́rin yìí tó parí, kráńkì ti yí ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó dójú tì wá nígbẹ̀yìn.

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí a bí ní Paris ní 1858, ni ó ro èrò yìí jinlẹ̀. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1893, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì kẹ́sẹ járí ní Augsburg ní 1897. Níbi Ìpàtẹ Àgbáyé tí a ṣe ní Paris ní 1900, epo ẹ̀pà ni a fi mú ọ̀kan nínú irú ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀pà tí àwọn òbí wa ń gbìn kì í ṣe àlejò sí ẹ̀rọ yìí nígbà náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913, bí ó ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò rí i mọ́. Inú omi ni ó ti kú. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo wa ń dá nígbà tí a bá ń ra epo.

Bí a ti mọ àrùn rẹ̀

Bàbá náà kò fi ọwọ́ kan sípánà ní ọjọ́ kìíní. Ó béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ nípa èéfín. Èéfín dúdú fi hàn pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, bóyá nítorí pé fílítà afẹ́fẹ́ dí, tàbí pé nọ́súlù ń kán epo dípò kí ó fọ́n ọn. Èéfín tí ó ní àwọ̀ aró fi hàn pé ọ́ìlì ń jó pẹ̀lú epo. Èéfín funfun tí kò tán nígbà tí ẹ́ńjìnì ti gbóná a máa jẹ́ àmì pé omi ń wọ inú sílíńdà, tàbí pé epo ń jáde láìjó. Awakọ̀ wí pé èéfín aláwọ̀ aró ti wà láti ìgbà pípẹ́, ti funfun ni ó dé kẹ́yìn. Bàbá fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde: ọ́ìlì náà funfun bí ògì. Omi ti bá ọ́ìlì pàdé.

Lẹ́yìn èyí ni ó fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sí ibi plọ́ọ̀gì sílíńdà kọ̀ọ̀kan, a sì yí ẹ́ńjìnì láti mọ agbára ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Nínú irú ẹ́ńjìnì yìí, èyí tí ó jẹ́ titun a máa fi nǹkan bí 22 dé 24 bar hàn; bí ó bá ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ 15, ó ti gbó. Èkínní àti ẹ̀kẹrin ṣì ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n èkejì àti ẹ̀kẹta, tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò, ni wọ́n jọ ṣubú. Ó wí pé, “Nígbà tí aládùúgbò méjì bá jọ ṣàìsàn, ògiri àárín wọn ni kí ẹ yẹ̀ wò.” Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàrin sílíńdà àti ìdérí rẹ̀ ni ó ti jó ní ibẹ̀.

Kí ni ó mú un gbóná tó bẹ́ẹ̀? Ẹnì kan tí ó tún ọkọ̀ náà ṣe ní ìgbà kan rí ti yọ tẹmọsítáàtì rẹ̀ sọ nù, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gba èyí gbọ́, àṣìṣe ńlá sì ni. Nínú ẹ́ńjìnì yìí, tẹmọsítáàtì a máa ṣe iṣẹ́ méjì: bí omi bá gbóná tó, ó ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, ó sì ti ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnì. Bí a bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá náà kò ní tì mọ́ láé. Apá kan nínú omi gbígbóná yóò máa yí padà sínú ẹ́ńjìnì láìdé ibi tí a ó ti tù ú. Ẹni tí ó rò pé òun ń mú ẹ́ńjìnì tutù ni ó dáná sí i.

Títú u àti wíwọ̀n ọ́n

A kò gbọdọ̀ fi ìkánjú tú ẹ́ńjìnì. Bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ni a fi sínú agolo tirẹ̀, a sì kọ orúkọ sí i lára. Ọ̀kan nínú wa ń ya àwòrán bí wáyà àti páìpù ti lọ. Àwọn ìdérí tí ó di kráńkì mú ni a fi nọ́ńbà sí, nítorí pé a kò gbọdọ̀ fi ti ẹnìkan dé ibi ti ẹlòmíràn. Bí a ti gbẹ́ wọn pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti mọ ara wọn. A kì í sì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Igi líle tàbí irin ìdúró ni a máa ń fi tì í kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ wọlé.

Nígbà tí a fọ ohun gbogbo mọ́, iṣẹ́ ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀. A fi irin gbọọrọ tí ó tọ́ lé ojú ìdérí sílíńdà, a sì ń ti abẹ ìwọ̀n bọ abẹ́ rẹ̀: àárín rẹ̀ ti tẹ̀. Nínú sílíńdà, èékánná wa kọ́ etí kan ní òkè, níbi tí ríìngì kì í dé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ríìngì ti jẹ ògiri lọ. Nítorí náà, gásíkẹ́ẹ̀tì titun nìkan kò lè wò ó sàn. A gbé ìdérí lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń gbẹ́ irin, wọ́n dán an wò bóyá ó sán, wọ́n sì fá ojú rẹ̀ díẹ̀. Ó ní ìwọ̀n tí wọn kò gbọdọ̀ fá kọjá, nítorí bí ìdérí bá tín-ín-rín jù, fáàfù lè kan orí písítìnì. Wọ́n ti sílíìfù titun wọ inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì gbẹ́ inú wọn kí písítìnì titun lè bá wọn mu. Wọ́n tún ojú kráńkì ṣe, wọ́n sì fún wa ní àwọn irin pẹlẹbẹ tí àwọn mekáníìkì ń pè ní mẹ́tàlì, tí ó bá ìwọ̀n titun náà dọ́gba.

Níbi ríra ohun èlò ni ọ̀pọ̀ àtúnṣe ti ń bàjẹ́. Ọjà ohun èlò ọkọ̀ ńlá wà ní ọgbà Trade Fair lójú ọ̀nà Badagry, òmíràn sì wà ní Ladipo ní Mushin. Ojúlówó wà níbẹ̀, ayédèrú sì wà níbẹ̀. A gbé ti àtijọ́ dání lọ, a sì fi wé titun: ìwúwo rẹ̀, nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí i lára, bí etí rẹ̀ ti mọ́ sí. Bí iye owó nǹkan kan bá kéré ju ti gbogbo ọjà lọ, a kọjá. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Títò ó padà

Bàbá kò jẹ́ kí a tò ó níbi tí erùpẹ̀ ti ń fẹ́. A fi ọ́ìlì tútù pa ara mẹ́tàlì kọ̀ọ̀kan. A ti ríìngì bọ inú sílíńdà láti wọn àlàfo ẹnu rẹ̀ kí a tó fi í sára písítìnì, a sì rí i pé àwọn àlàfo náà kò dojú kọ ibì kan náà, kí afẹ́fẹ́ má bàa rí ọ̀nà tààrà sá lọ. Nígbà tí ó kan bọ́ọ̀tì ìdérí, láti àárín ni a ti bẹ̀rẹ̀, tí a ń lọ sí etí, ìpele lẹ́yìn ìpele, pẹ̀lú sípánà tí ń fi ìwọ̀n agbára hàn. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ fi gbogbo ara fà á. Bàbá dì í lọ́wọ́ mú: “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.”

A wọn àlàfo fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù: ti afẹ́fẹ́, 0.10 mílímítà, tí ó tó bí ìnípọn ojú-ewé kan; ti èéfín, 0.30 mílímítà, nítorí pé òun ni ó ń gbóná jù, tí ó sì ń gùn sí i. A kó nọ́súlù lọ síbi tí a ti ń dán wọn wò. Kí wọn tó ṣí ẹnu, agbára epo gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 115 bar, èyí tí ó ju ìlọ́po àádọ́ta agbára afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré lọ. Nítorí èyí, a kìlọ̀ fún wa gidigidi pé kí a má ṣe fi ọwọ́ sí iwájú nọ́súlù tí ń fọ́n. Epo náà lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́, kí ó sì ba ọwọ́ jẹ́.

Àṣìṣe wa

Ní ìrọ̀lẹ́ tí a parí rẹ̀, Bàbá ti lọ sí ilé, àwa sì wí pé a ó fi ẹ́ńjìnì tí ó ti jí kí i káàárọ̀. Páńpù epo ni ó kù láti dè. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti epo nígbà tí kráńkì ku ìwọ̀n 24 kí písítìnì kìíní tó dé òkè pátápátá. A wá àmì náà rí lára kráńkì, a de páńpù mọ́ ọn, a tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀nà epo títí tí ìfófòó kò fi sí mọ́. A yí ẹ́ńjìnì. Kò dáhùn. A tún yí i. Èéfín funfun nìkan ni ó tú jáde, títí bátìrì fi kú. A lọ sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́, a ń rò pé a ti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan jẹ́, àti owó tí àwọn òbí dá.

Ní òwúrọ̀, Bàbá kò bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: “Nígbà tí písítìnì kìíní dé òkè, báwo ni fáàfù rẹ̀ ti wà?” Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dákẹ́. Fà, fún, jó, tú! Ẹ̀ẹ̀mejì ni písítìnì ń dé òkè: ní ìparí fún, àti ní ìparí tú. Àmì kráńkì kan náà ni ó wà fún méjèèjì. Ní ìparí fún, fáàfù méjèèjì tì pa. Ní ìparí tú, méjèèjì ṣí díẹ̀. Ìparí tú ni àwa ti de páńpù mọ́. A ń bu epo sí ilé tí a ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí àwa fi ẹnu wa kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ni ọwọ́ wa gbàgbé. A yí kráńkì ní ẹ̀ẹ̀kan sí i, a tún páńpù dè, a yá bátìrì. Ní ìgbà kejì tí a yí i, ó dìde.

Bí a ti ń tọ́jú rẹ̀

Ẹ́ńjìnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe dàbí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn àìsàn. Ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà àkọ́kọ́, a kò di ẹrù wúwo lé e, a kò sì sá eré. Lẹ́yìn èyí ni a pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Láti ìgbà náà, ní gbogbo 5,000 kìlómítà ni a ń pààrọ̀ ọ́ìlì pẹ̀lú fílítà rẹ̀. Kí ẹ má ṣe jáyà pé ọ́ìlì dísẹ́lì dúdú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé èédú inú ẹ́ńjìnì dání kí ó má bàa lẹ̀ mọ́ irin. Ọ́ìlì tí a bá tú jáde, a kì í dà á sí gọ́tà, nítorí gọ́tà Festac Town ń ṣàn lọ sí ọ̀sà.

Epo ni ohun kejì. Láti inú gálọ́ọ̀nù àti dúrọ́ọ̀mù ni omi àti ìdọ̀tí ti ń wọlé. Ní 2022, nígbà tí iye owó lítà dísẹ́lì kan lé ní ₦700, ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra epo níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i tí ó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ó jèrè náírà díẹ̀ lójú epo lè pàdánù páńpù àti nọ́súlù mẹ́rin. A ń tú omi kúrò ní ìdí fílítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Omi rédíétọ̀ ni ẹ̀kẹta. Omi kànga ní ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò náà ní ìpẹtà. Bí a bá ń bù ú sí rédíétọ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ yóò dí ojú ihò. Omi mímọ́ tí a pò mọ́ oògùn rédíétọ̀ ni ó yẹ, tẹmọsítáàtì sì gbọ́dọ̀ wà ní ipò rẹ̀. A kì í ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná.

Ẹ̀kẹrin kan àwọn ọmọ tìkára wọn. Ní 2012, àwọn onímọ̀ tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èéfín dísẹ́lì lè fa àrùn náà. Nítorí náà, awakọ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa jó epo lásán ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíláàsì mọ́. Ní àárọ̀ tí ó bá fẹ́ mú ẹ́ńjìnì gbóná, ẹ̀yìn odi ni ó ń gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2, tí kò jìnnà sí ibi tí a ń sọ. Ìgbà lè dé tí irú ẹ́ńjìnì yìí yóò di ohun ìwòran. Ṣùgbọ́n ojú irin kò dé ẹnu-ọ̀nà ilé àwọn ọmọ Agboju. Ọkọ̀ àtijọ́ náà ni ó ń dé ibẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí kò wá mọ́ padà wá ní ọjọ́ kẹta tí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó bi wá léèrè ìdí rẹ̀ tí ìdí páńpù kẹ̀kẹ́ bàbá òun fi ń gbóná. A ní kí ó mú páńpù náà wá sí kíláàsì ní ọjọ́ kejì. Bí ẹ̀yin náà bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní ọkọ̀ tí ó gbó, ẹ má ṣe tijú láti fi ọwọ́ kan gíríìsì. Ẹ wá àgbà kan tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì ṣọ́ra kí ẹ má bàa gbàgbé ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sára pátákó.